Ohun tí wíwa tírélà ń ṣe sí ara, àti ohun tí awakọ̀ lè ṣe sí i

Láàárín ọdún 1949 sí 1950, dókítà kan ní London, Jerry Morris, ń ṣe ìwádìí nípa àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ìlú náà. Ọkọ̀ kan náà ni dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́ jọ ń wọ̀, èéfín kan náà ni wọ́n jọ ń fà símú. Àmọ́ orí ìjókòó ni dírẹ́bà ń wà títí iṣẹ́ á fi parí, nígbà tí kọ̀ńdọ́ ń gun àtẹ̀gùn lọ, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, kó lè gba owó ọkọ̀. Àtẹ̀gùn tó ń gùn lóòjọ́ lè tó 600. Nígbà tí àbájáde ìwádìí náà jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 1953, ó hàn pé àrùn ọkàn ń mú dírẹ́bà ju kọ̀ńdọ́ lọ, ó sì ń tètè pa wọ́n. Ní 1956, Morris tún gbé ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ wọn yẹ̀ wò: ìbàdí ṣòkòtò dírẹ́bà ló fẹ̀ jù, àtọ̀dọ́ àtàgbà wọn. Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ sísanra lásán ni, kó dúró ná. Nígbà tí wọ́n fi tẹ́ẹ́rẹ́ wé tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ẹni tó sanra wé ẹni tó sanra, ọkàn kọ̀ńdọ́ ló ṣì le jù.

Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì London sì ń sùn sílé rẹ̀ lálẹ́ o. Ti awakọ̀ tírélà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010, NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, fọ̀rọ̀ wá awakọ̀ tírélà ọlọ́nà jíjìn 1,670 lẹ́nu wò ní ibùdó ìsinmi 32. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 69 ló sanra kọjá ààlà. Láàárín àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ní orílẹ̀-èdè náà, 31 ni. Ó lé ní ìdajì wọn tó ń fa sìgá. Orílẹ̀-èdè tí òfin kò ti gbà kí awakọ̀ wakọ̀ ju wákàtí 11 lọ kó tó sinmi wákàtí 10 nìyẹn, tí ibùdó ìsinmi sì ní balùwẹ̀ àti omi gbígbóná. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń wa tírélà níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: bí ọkọ̀ bá dúró láàárín òru, oúnjẹ tó sún mọ́ ọn jù ni bọ́gà, ànàmọ́ díndín àti ife mínírà ńlá.

Kí ló dé tí jíjókòó fi burú tó bẹ́ẹ̀? Àwọn iṣan ńláńlá inú ara wa, itan àti ìdí ni wọ́n wà, wọ́n sì wà lára ohun tó ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ jù. Bí èèyàn bá ń rìn, wọ́n ń fa ṣúgà yẹn sára, wọ́n ń sọ ọ́ di agbára, kódà bí insulin, omi ara tó ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà, kò bá pọ̀. Bí èèyàn bá jókòó, iṣan wọ̀nyí á dákẹ́. Ìrẹsì tí àgbẹ̀ jẹ tó sì padà sẹ́nu ebè, kíá ló ti dàgbára. Ìrẹsì kan náà tí awakọ̀ jẹ tó sì padà sídìí ọkọ̀, ṣúgà rẹ̀ á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ á sì sọ lára rẹ̀ di ọ̀rá. Ẹsẹ̀ náà ní tirẹ̀: iṣan ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè sí ọkàn. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ á wú. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ á dì sínú òpó ẹ̀jẹ̀, bí ẹyọ kan bá sì já kúrò lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa èèyàn lójijì.

Àìsùn dá kún un. Ẹni tí kò sùn tó, omi ara tó ń múni ní ebi á pọ̀ sí i, èyí tó ń sọ pé a ti yó á dín kù, ohun dídùn àti ohun díndín ni ọ̀nà ọ̀fun á sì máa béèrè. Bí ọ̀rá bá wá pọ̀ lọ́rùn, ọ̀nà èémí lè máa dí bó bá sùn. Á máa hanrun, á máa ta gìrì léraléra kó lè mí, láìmọ̀. Ó sun wákàtí méje, àmọ́ bí ẹni tí kò sùn ló jí. Tòògbé ọ̀sán tí wọ́n ń pè ní ìwà ọ̀lẹ lè jẹ́ àìsàn tó ní ìtọ́jú, òun ló sì ń gbé ọkọ̀ ẹlẹ́rù kúrò lójú títì.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Láti Èkó dé Kánò tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, nípasẹ̀ Ìbàdàn, Ìlọrin, Jẹ́bbà àti Mókwá. Kí awakọ̀ tó gbéra pàápàá, ó ṣeé ṣe kó ti lo ọjọ́ mélòó kan nítòsí èbúté Àpápá. Kí wọ́n tó gbé ìlànà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pe tírélà wọ èbúté bó ṣe kàn wọ́n, tí wọ́n ń pè ní Ètò, kalẹ̀ ní 2021, àwọn kan ń tò síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orí ìjókòó ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun. Ẹni tó bá ń kígbe pé kí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé eré ìdárayá, ṣe ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nǹkan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni búkà. Lọ́wọ́ ìyá olóúnjẹ ní Ògèrè, lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni: "Ìyá, ẹ fún mi ní fùfú mẹ́ta, pọ̀nmọ́ méjì, ẹ jẹ́ kí ọbẹ̀ kún." Fùfú kò lẹ́bi. Mẹ́ta tí a gbé mì lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn tí a ti pa ebi mọ́nú láti àárọ̀, tí a sì tún jókòó lé lórí fún wákàtí márùn-ún, ni wàhálà. Pọ̀nmọ́ kì í ṣe ẹran gidi, ẹnu ló ń tù. Awakọ̀ kan náà lè ní, "Ìyá, fùfú kan tó, ẹ bu ẹ̀fọ́ kún un, ẹ fún mi ní ẹja." Owó lè má fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín tún dára jù, nítorí ṣúgà wọn kì í sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì ń pẹ́ nínú. (Òótọ́ ni pé ẹ̀wà máa ń mú kí inú ẹlòmíì wú. Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, inú á mọ́ ọn lára.) Iyọ̀ ló kù: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ òòjọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, magí inú ọbẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Ohun mímu ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í fẹ́ mu omi, kí ìtọ̀ má baà máa gbọ̀n wọ́n níbi tí kò sí àyè ìdúró. Nígbà tí òùngbẹ bá wá fẹ́ gbẹ̀mí wọn, mínírà tútù ni. Ìgò ìdajì lítà kan lè ní ṣúgà 50 gíráàmù, tó ṣíbí tíì 12, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà fún àgbàlagbà lóòjọ́. Omi inú ọ̀rá, kí a máa mu ún díẹ̀díẹ̀, ló dára jù. Bí oorun bá dé, wọ́n á gbé obì sẹ́nu tàbí kí wọ́n mu agolo ohun mímu agbára. Kaféènì wà nínú méjèèjì, ó sì ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ńṣe ló ń fi oorun pa mọ́, kò san gbèsè rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀, nígbà tó yẹ kí awakọ̀ máa sùn. Ti paraga àti tramadol, kò yẹ kí a máa jiyàn lé e lórí: ọtí ni ọ̀kan, oògùn ìrora tó ń kun èèyàn lóorun ni èkejì.

Ní ti eré ìdárayá, tírélà fúnra rẹ̀ tó pápá. Tírélà tó gbé kọ̀ńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 40, bí a bá rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó tó nǹkan bíi mítà 38. Ẹni tó bá yí i ká nígbà 26 ti rin nǹkan bíi kìlómítà kan, ó sì lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Kó mú irin rẹ̀ dání, kó máa lu táyà bó ṣe ń lọ, iṣẹ́ àti eré á bá ara wọn dé. Ìgbà tó dára jù ni kété lẹ́yìn oúnjẹ, kí iṣan lè gba ṣúgà kó tó kún ẹ̀jẹ̀. Nílẹ̀ Yúróòpù, òfin sọ ọ́ di dandan kí awakọ̀ sinmi ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin ààbọ̀. Níhìn-ín, bó ṣe wù kí a gba awakọ̀ nímọ̀ràn tó, bí olówó ọkọ̀ bá ń san owó lórí iye ìrìn-àjò, tí ibi tí tírélà lè sùn láìsí olè kò sì tó nǹkan, ẹni tó bá dúró sinmi ló ń pàdánù. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi oúnjẹ, kì í sì í ṣe ẹ̀bi awakọ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá dé 180/110 kò lè gba ìwé ìlera láti wakọ̀, àfi tó bá gba ìtọ́jú tó sì wálẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì lè wọ̀n ọ́n, àmọ́ kí awakọ̀ má ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kó sì na apá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tòun ti obì lẹ́nu. Kó jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún ná, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀. Bí wọ́n bá sì kọ oògùn fún un, kó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún dókítà. Lára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ fúnni ni èyí tó ń múni tọ̀ léraléra, ó sì rọrùn kí awakọ̀ jù ú sẹ́yìn ìjókòó títí yóò fi dé Kánò. Irú mìíràn wà tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, dókítà sì lè pààrọ̀ rẹ̀ fún un.