Sójà Ìdúmọ̀tà: Orúkọ Ère Kan àti Ẹni Tí Orúkọ Náà Gbàgbé

Nínú bébà kúkurú yìí, a fẹ́ yẹ orúkọ kan tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn ará Èkó wò, èyíinì ni Sójà Ìdúmọ̀tà. Bí a bá fi ojú gírámà wò ó, kò ní wàhálà nínú: sójà ni orí àpólà-orúkọ náà, Ìdúmọ̀tà sì ni ẹ̀yán tó ń sọ ibi tí ère wà. Ṣùgbọ́n ère méjì ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún ìrántí ogun níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti sójà, èkejì jẹ́ ti aláàárù.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan kọ ‘sójà àti aláàárù’ nínú àròkọ rẹ̀ nípa Ìdúmọ̀tà. Ó ní bàbá bàbá òun ló sọ bẹ́ẹ̀. A fi yíǹkì pupa fa igi lé aláàárù, a sì yọ máàkì kan. Ọmọ náà ló gbà á, àwa ni a ṣì í.

Ogun Àgbáyé Kìíní (1914–1918) ni àwọn ère náà wà fún. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà bá Jámánì jà ní Kamẹrúùnù láti 1914 di 1916. Ní ìparí 1916, wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí. Ọ̀nà mọ́tò kò tó nǹkan níbẹ̀, eṣinṣin irù sì ń pa ẹṣin àti màlúù. Orí ènìyàn ni ọta ìbọn àti oúnjẹ ń gbà kọjá. Ebi, ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà pa aláàárù ju ìbọn lọ. Ní 2021, àjọ tó ń tọ́jú ibojì ológun Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì jẹ́wọ́ pé ó kéré tán 116,000 òkú ogun náà, ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì ni púpọ̀ wọn, ni a kò fi orúkọ rántí.

Ẹ wo àwọn elédè Swahili. Carrier Corps, orúkọ ẹgbẹ́ aláàárù ogun náà, ni wọ́n yá tó di Kariakor ní Nairobi àti Kariakoo ní Dar es Salaam. Ẹni tó bá ń lọ ọjà Kariakoo ń dárúkọ aláàárù, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Nínú èdè tiwa, sójà nìkan ni a yá.

Wọ́n ti kó àwọn ère náà lọ sí ibi ìsìnkú àwọn ológun ní Àbújá, nítorí náà ẹ̀yán orúkọ ọ̀hún pàápàá ti di ìtàn. Bí ìbéèrè lórí rẹ̀ bá wáyé, a rọ ẹ̀yin olùdánwò kí ẹ gba aláàárù wọlé. Máàkì akẹ́kọ̀ọ́ tiwa, a ti dá a padà.