Nǹkan Mẹ́tàlélógún Tí Wọ́n Kọ́ Láìsí Olùkọ́ Níwájú Wọn

Àgbàlagbà tí kò mọ nǹkan kan níbi iṣẹ́ kì í sábà sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Yóò ní ọwọ́ òun dí. Yóò ní òun gbàgbé awò òun sílé. Yóò rọra pe ọ̀dọ́ tí ó wà nítòsí pé kí ó wá bá òun tẹ̀ ẹ́, bí ìyẹn bá sì ti tẹ̀ ẹ́ tán, yóò dúpẹ́, kò sì ní kọ́ ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá òbí yín fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù rí mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn baba wa ní abéèrè kì í ṣìnà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ta ni kí àgbà bi? Ṣé ọmọ tí ó bí ni, àbí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀?

Ìtàn tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí dá lórí irú ìtìjú bẹ́ẹ̀, ibi tí ó sì ti ṣẹlẹ̀ jìnnà sí wa: ìlú Charlotte, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ọdún 2006. Ilé ìkàwé ìjọba tí ó wà fún ìlú náà àti gbogbo àgbègbè Mecklenburg ní ẹ̀ka káàkiri, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì lé ní 500. Kì í ṣe ibi tí ojú ti dúdú rárá. Ní ọdún 2005, àwọn àti ilé eré àwọn ọmọdé ti ìlú náà jọ ṣí ImaginOn, ilé ńlá kan tí ìwé àti eré orí ìtàgé jọ ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà. Síbẹ̀, ayé ti ń sáré kọjá wọn.

Ẹ rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Flickr, níbi tí àwọn ènìyàn ń kó fọ́tò wọn sí, kò ju ọmọ ọdún méjì lọ. YouTube kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Facebook, tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ń lò, kò ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ènìyàn títí di oṣù kẹsàn-án ọdún náà. iPhone kò tíì jáde. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń lo nǹkan wọ̀nyí bí ẹni mu omi, ilé ìkàwé kan náà ni wọ́n sì ń wọ̀ wá lo kọ̀ǹpútà. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kí ó máa dáhùn ìbéèrè wá di ẹni tí ìbéèrè ń bà lẹ́rù.

Helene Blowers ni alákòóso ìmọ̀ ẹ̀rọ fún iṣẹ́ tí ilé ìkàwé náà ń ṣe fún àwọn ará ìlú. Òun ni ó ní láti wá bí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn yóò ṣe mọ nǹkan tuntun wọ̀nyí. Ọ̀nà tí iléeṣẹ́ ń gbà kọ́ òṣìṣẹ́ kò ṣàjèjì sí wa: a ó kó wọn sínú yàrá kan, ẹnì kan yóò dúró níwájú, yóò máa fi àwòrán hàn lára ògiri, tíì àti bisikíìtì yóò wà, a ó sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí ó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ohun tí wọ́n gbọ́ ti fò lọ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Blowers kò pe ẹnikẹ́ni sí yàrá.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, Stephen Abram, ọmọ Kánádà kan tí àwọn oníṣẹ́ ìkàwé mọ̀ dáadáa, ti kọ àpilẹ̀kọ nípa nǹkan 43 tí olùtọ́jú ilé ìkàwé lè fẹ́ gbìyànjú láàárín ọdún. Níbẹ̀ ni Blowers ti rí ìmísí. Ó ṣètò nǹkan 23 tirẹ̀, ó pín wọn sí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, ó sì sọ ètò náà ní Learning 2.0. Orúkọ tí ayé padà mọ̀ ọ́n sí ni 23 Things, ìyẹn Nǹkan Mẹ́tàlélógún. Oṣù kẹjọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Bí ó ṣe ń lọ kò le. Òṣìṣẹ́ yóò ka ìwọ̀nba àlàyé díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fọwọ́ ara rẹ̀ dán nǹkan náà wò, yóò sì kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sínú búlọ́ọ̀gì tirẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣí. Ìgbà tí ó bá wù ú ni yóò ṣe é. Ẹni tí ó fẹ́ lè ṣe mẹ́rin lọ́jọ́ kan, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá lè fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe ẹyọ kan. Bí nǹkan bá há a lọ́wọ́, kò sí olùkọ́ tí yóò sáré wá. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò bi, tàbí kí ó lọ ka búlọ́ọ̀gì ẹlòmíràn kí ó lè mọ ibi tí ìyẹn gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà pé ó gba ètò náà là kò sí lára àwọn ẹ̀rọ yẹn rárá. Wọn kò fi dandan lé e pé kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ rẹ̀ sí búlọ́ọ̀gì rẹ̀. Ó lè fún ara rẹ̀ ní orúkọ tí ó bá wù ú. Ẹ ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún obìnrin kan tí ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n to ìwé sórí pẹpẹ, tí gbogbo ẹ̀ka ń pè ní ìyá, tí kò sì mọ bí a ṣe ń gbé fọ́tò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè ṣe é kí ó bàjẹ́, kí ó tún un ṣe, kí ó kọ ọ́ síta pé òun ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó bọ́ sí i, kí ọmọ ogún ọdún tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kà á kí ó sì rẹ́rìn-ín, láìmọ̀ pé òun ni. Ojú ni ìtìjú ń gbé. Níbi tí kò bá ti sí ojú, ó kù sí ọwọ́ ẹni náà.

Nǹkan kìíní ni kí wọ́n ka ohun tí ètò náà jẹ́. Èkejì kò kan ẹ̀rọ kankan: ẹ̀kọ́ kúkúrú kan ni, lórí ìwà méje àtààbọ̀ tí ẹni tí yóò máa kẹ́kọ̀ọ́ títí ayé gbọ́dọ̀ ní. Ọ̀kan ni pé kí ènìyàn gbà pé ẹrù ẹ̀kọ́ òun wà lórí òun fúnra rẹ̀. Òmíràn ni pé kí ó mú ìdáàmú gẹ́gẹ́ bí ìpèníjà. Èkeje ni pé kí ó fi ohun tí ó mọ̀ kọ́ ẹlòmíràn. Ààbọ̀ tí ó kù ni eré: kí ènìyàn máa ṣeré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ó jọ mí lójú bí àwàdà. Níbo ni wọ́n ti ń sanwó fún òṣìṣẹ́ ìjọba kí ó lè ṣeré? Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ ọdún márùn-ún tí ó gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Kò ka ìwé ìlànà. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ kiri ni, bí ó bá sì ti bàjẹ́, kò sí ohun tí ó kàn án níbẹ̀. Àgbà kò gọ̀ ju ọmọ náà lọ. Ẹ̀rù pé òun yóò ba nǹkan jẹ́ ni kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ wá pọ̀ lọ́wọ́ wọn: fọ́tò lórí Flickr, bí a ṣe lè mú kí ìròyìn láti ojú òpó oríṣiríṣi máa wá bá wa síbì kan, ojú ìwé tí gbogbo ènìyàn jọ lè tún kọ, YouTube, ètò orí afẹ́fẹ́ tí a lè gbé sínú ẹ̀rọ alágbèéká. Mi ò ní ka gbogbo rẹ̀ tán. Èyí tí mo rò pé yóò dùn mọ́ olùtọ́jú ìwé jù ni ìkọkànlá, LibraryThing, tí Tim Spalding dá sílẹ̀ ní 2005. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè to àwọn ìwé tí ó wà nílé rẹ̀ bí ilé ìkàwé ṣe ń to tirẹ̀, kí ó sì rí àwọn tí wọ́n ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbòmíràn láyé. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń ṣètò ìwé bá iṣẹ́ tirẹ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì tí ó ti ń sá fún.

Ẹ̀bùn wà níbẹ̀ o. Ẹnikẹ́ni tí ó bá parí nǹkan 23 náà yóò gba ẹ̀rọ MP3 kan, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ inú ìbò fún kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àwọn kan lè sọ pé rìbá ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ orin yẹn gan-an ni àwọn ará ìlú ń gbé wá sí iwájú tábìlì, tí wọ́n ń béèrè bí ìwé tí a fi ohùn kà ṣe lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tí kò ní in lọ́wọ́, báwo ni yóò ṣe dáhùn?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ni ó parí, n kò sì ní dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí ó wà ní ẹnu tábìlì, tí èrò tò síwájú rẹ̀, níbo ni yóò ti rí wákàtí kan tí yóò fi ṣeré? Kí á ní kí òṣìṣẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ní àkókò tirẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n ó lè di ọ̀nà tí ọ̀gá ń gbà ti ẹrù iléeṣẹ́ sínú ìrọ̀lẹ́ òṣìṣẹ́, nígbà tí ó yẹ kí ó sin oúnjẹ fún ọmọ. Níbi tí ọ̀gá kò bá ti yọ wákàtí sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹni tí kò ní ẹrù nílé nìkan ni yóò parí.

Blowers kò sọ ètò náà di ọjà títà. Ó fi í sílẹ̀ pé kí ilé ìkàwé yòówù kó mú un, kí ó tún un ṣe bí ó bá ṣe wù ú. Àwọn ará Yarra Plenty, nítòsí Melbourne ní Ọsirélíà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú un. Ní 2010, Oxford àti Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn. Yunifásítì Edinburgh ṣe tirẹ̀ ní 2016. Nígbà tí fóònù gba ayé kan, àwọn kan láti Ọsirélíà àti Denmark kọ irú rẹ̀ tí ó dá lórí fóònù nìkan.

Ní báyìí, púpọ̀ nínú àwọn nǹkan 23 náà ti kú. Rollyo, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rọ ìwákiri tara ẹni, kò sí mọ́. Technorati tí wọ́n fi ń wá búlọ́ọ̀gì ti pa iṣẹ́ yẹn tì. Flickr àti LibraryThing ṣì wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́ gbogbo bọ́tìnnì wọn ní 2006 kò ní bá wọn níbi tí ó fi wọ́n sí. Blowers fúnra rẹ̀ ti kúrò ní Charlotte lọ sí ilé ìkàwé ìlú Columbus, ní Ohio. Ọ̀dá owó tí ó bá Amẹ́ríkà jà kan ilé ìkàwé Charlotte ní 2010: wọ́n ti àwọn ẹ̀ka kan pa, wọ́n sì dá òṣìṣẹ́ púpọ̀ dúró. Mímọ Flickr kì í dá owó padà sápò ìjọba. Ohun tí ẹni tí wọ́n dá dúró bá mú jáde níbẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀: nígbà tí ó bá tún jókòó síwájú ẹ̀rọ tí kò rí rí, ní iléeṣẹ́ mìíràn, kò ní dúró de ọmọdé kí ó tó tẹ̀ ẹ́.

Nǹkan kẹtàlélógún, tí ó kẹ́yìn, kò kan ẹ̀rọ tuntun mọ́. Kí òṣìṣẹ́ padà sí búlọ́ọ̀gì rẹ̀ ni, kí ó kọ èyí tí ó gbádùn jù síbẹ̀, ohun tí ó yà á lẹ́nu, àti bóyá yóò tún ṣe irú rẹ̀ bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀kejì.