Bí póòsì ọ́fíìsì ṣe gba kọ́bọ̀ mẹ̀kúnnù pamọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí yóò mọ̀ pé ohun tó máa ń ba èèyàn lẹ́rù jù ni kí alájọ má palẹ̀ owó mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1849 nìyẹn. Báńkì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tówó wọn kò pọ̀. Lẹ́yìn tí ọkùnrin tó ń bójú tó ìṣirò owó náà kú, wọ́n yẹ ìwé wò, ni wọ́n bá rí i pé owó tó lé ní 70,000 pọ́n-ùn ti wọmi. Láyé ìgbà náà, owó ńlá gbáà ni.

Ní ìlú Huddersfield, tí kò jìnnà sí Rochdale, òṣìṣẹ́ báńkì kan tó ń jẹ́ Charles Sikes kọ̀wé sí Gladstone, tó jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná nígbà náà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí póòsì ọ́fíìsì máa gba owó pamọ́. Ọ̀rọ̀ náà mọ́gbọ́n dání, nítorí wákàtí díẹ̀ péré lọ́sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ báńkì tálákà fi ń ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ iṣẹ́ ni ti póòsì ọ́fíìsì.

Ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1861, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló dúró fún owó náà. Ẹni tó bá ní ṣílè kan péré lè bẹ̀rẹ̀, èlé sísì kan sì wà lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Ẹni tó san owó sílùú kan lè gbà á nílùú mìíràn. Ohun tó dáa jù níbẹ̀ ni pé, yàtọ̀ sí ohun tí akọ̀wé kọ sínú ìwé olówó, lẹ́tà tún máa ń ti London wá bá onítọ̀hún pé owó rẹ̀ ti dé. Akọ̀wé tó bá fẹ́ kó owó jẹ, àṣírí rẹ̀ kò ní pẹ́ tú.

Síbẹ̀, ṣílè kan ṣòroó kó jọ fún ẹlòmíràn. Henry Fawcett ló wá nǹkan ṣe sí i lọ́dún 1880 tó di ọ̀gá àgbà póòsì. Afọ́jú ni, ìbọn bàbá rẹ̀ ló ṣèèṣì bà á lójú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 25. Ó ní kí wọ́n fún àwọn èèyàn ní ìwé pélébé lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n máa lẹ sítáǹpù oníkọ́bọ̀ kan mọ́ ọn. Tó bá ti pé 12, ó di ṣílè kan, wọ́n á gbà á wọlé bí owó. Sítáǹpù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà náà ni o! Àwọn ọmọdé pàápàá ń fi kó owó jọ.

Maejima Hisoka, ará Japan, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1870 láti kọ́ nípa iṣẹ́ póòsì, nígbà tó sì di ọdún 1875, irú ètò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Japan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbé e dé Nàìjíríà nígbà tí wọ́n ń ṣèjọba lé wa lórí, tòun ti ìwé kékeré tí wọ́n ń tẹ òǹtẹ̀ lù ní gbogbo ìgbà téèyàn bá sanwó.