NISER: Ta ló dá a sílẹ̀, ta ló sì ń náwó lé e?

Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn ti máa ń jókòó nígbà kan rí láti pinnu ọ̀rọ̀ tó kan ọlọ́jà Ọjà'ba àti onílé Bẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó pinnu, ó yẹ kí ẹnìkan ti wádìí ọ̀rọ̀ wò. Iṣẹ́ NISER nìyẹn, iléeṣẹ́ ìwádìí ọrọ̀ ajé àti ìgbé ayé ará ìlú tó wà ní Òjóò, Ìbàdàn.

1950 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. WAISER ló ń jẹ́ nígbà náà, nítorí gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló wà fún, owó ìdàgbàsókè láti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, ó di ti Nàìjíríà nìkan, orúkọ rẹ̀ sì yí padà. Abẹ́ yunifásítì ló ṣì wà títí ìjọba ológun fi ṣe òfin kan, Dìkíríì 70 ti 1977, tó sọ ọ́ di iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó dá dúró.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni òfin náà yàn fún un: kó máa gba ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ nímọ̀ràn, kó máa ṣèwádìí ìṣòro ìlú, kó sì máa pe àpérò lórí ohun tó bá rí.

Owó NISER ń gba ọ̀dọ̀ mínísírì ètò ìṣúná kọjá, ó di ọwọ́ Ààrẹ, ó di iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Àbújá. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń pín in sí: owó oṣù, owó ìnáwó ojoojúmọ́, àti owó iṣẹ́ àkànṣe. Owó oṣù ló máa ń tètè wọlé. Ti iṣẹ́ àkànṣe lè pẹ́, ó sì lè má pé. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ ìwádìí fi ń gba iṣẹ́ àfowóṣe lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti àjọ òkèèrè.

Kò sí èèwọ̀ ńbẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ìtajà Kòkó ló sanwó fún ìwádìí ńlá lórí àgbẹ̀ kòkó Yorùbá, tó jáde ní ìwé ní 1956, ìwé náà sì wúlò títí dòní. Àmọ́ ẹni tó bá sanwó ló ń yan ìbéèrè. Bí ìbéèrè ọlọ́jà Ọjà'ba kò bá sí lára ohun tí àjọ òkèèrè fẹ́ mọ̀, owó ìjọba nìkan ló lè bá wa bi í. Kí àwọn tó ń ṣojú Ìbàdàn ní Àbújá má wo owó oṣù nìkan nígbà tí ìṣúná NISER bá dé iwájú wọn. Kí wọ́n bèèrè iye tó wà fún ìwádìí gan-an.