Kí Tọkọtaya Tó Kó Ọmọ Lọ Sétí Òkun: Ohun Tí A Ń Bi Ifá, Ohun Tí A Ń Fojú Wò

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ sọ lónìí kan àwọn tọkọtaya tí ọmọ wọn ṣì kéré. Iṣẹ́ ti ń ṣí sílẹ̀ ní apá Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ ojú omi ńlá tó wà níbẹ̀, nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún kan náà, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìbàdàn, Ọ̀ṣogbo, Abẹ́òkúta àti Àkúrẹ́ ló ń rò ó pé bóyá kí àwọn náà kó lọ sétí òkun. Baálé ti rí iṣẹ́, ìyàwó ń ro ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ìyá àgbà ń bèèrè ìgbà tí òun yóò tún fojú kan ọmọ-ọmọ òun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbéra lọ sọ́dọ̀ babaláwo: “Bàbá, ṣé ká lọ àbí ká má lọ?”

Ohun tó dára ni wọ́n ṣe. Àwọn baba ńlá wa kì í tẹ ìlú dó láìbi Ifá. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń gbé ìbéèrè tí a kò tíì tú palẹ̀ lọ síwájú Ifá. Àwọn mìíràn sì fẹ́ kí Ifá bá wọn wo ohun tí ojú wọn lè rí fúnra rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a tún ilé náà wò dáadáa kí a tó gbé ọmọ kúrò nínú rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ KAN ṢOṢO KÒ TÓ

Ẹni tó bá lọ dá Ifá yóò sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn sínú owó, babaláwo yóò sì gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sọlẹ̀ tàbí kó tẹ ikin. Ọ̀kan nínú 256 Odù yóò jáde. Kò tán síbẹ̀. Ìbò ni a ó fi mọ̀ bóyá ire ni Odù náà gbé wá tàbí ibi. Bó bá jẹ́ ire, a ó bèèrè irú ire tó jẹ́: ajé ni, ọmọ ni, àìkú ni, ìṣẹ́gun ni, àbí ire ibùjókòó? Bó bá jẹ́ ibi, a ó bèèrè bóyá ikú ni, àrùn ni, òfò ni, àbí ìjà.

Ká ní baálé kan wà ní Ìbàdàn, wẹ́dà ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì rí iṣẹ́ ní èbúté tuntun yẹn. Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, ó sì ní oníbàárà tó pọ̀. Àkọ́bí wọn jẹ́ ọmọ ọdún 6, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 2. Baálé nìkan ló lọ dá Ifá, Ifá sì fọ ire ajé. Inú rẹ̀ dùn, ó lọ bá onímọ́tò dúnàá-dúrà owó ẹrù. Ire ajé tí Ifá fọ̀ fún un kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà iṣẹ́ òun yóò ṣe rí ló bèèrè. Kò bèèrè nípa ìlera àwọn ọmọ, kò sì bèèrè nípa iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Orí kan ló gbé lọ síwájú Ifá, orí mẹ́rin ló sì fẹ́ kó lọ sétí òkun.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí tọkọtaya jọ lọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló yan orí tirẹ̀ wá láti òde ọ̀run, ilẹ̀ tó bá baba lára mu lè máà bá ọmọ lára mu. Kí wọ́n sì to gbogbo ọ̀nà tó wà nílẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n lè jọ kó lọ pọ̀. Baálé lè kọ́kọ́ lọ, kí ìyàwó àti ọmọ tẹ̀lé e tó bá yá. Wọ́n lè gba ilé sí ìlú tó wà létí ọ̀sà bí Ẹ̀pẹ́, kí baálé máa ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n sì lè jókòó sí Ìbàdàn. Ọ̀nà mẹ́rin nìyẹn. Babaláwo lè dá Ifá sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fi ipò àgbà Odù tó jáde mọ èyí tí Ifá fọwọ́ sí jù. Ẹni tó bá bèèrè pé “ká lọ àbí ká má lọ” ti fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn méjì nínú mẹ́rin.

Bí Ifá bá sì fọ ibi, kí ẹ̀rù má ṣe gbé yín sá kúrò nílé awo. A ó bèèrè bóyá ẹbọ lè gbé e kúrò, ta ni ẹbọ náà tọ́ sí, àti bóyá ibẹ̀ ni Ifá kọ̀ tàbí àkókò. Ìgbà mìíràn wà tí Ifá kò kọ ibì kan, kìkì pé kò tíì tó àsìkò ni.

ÈÈWỌ̀ ỌMỌ

Ọmọ tí a bá ṣe àkọsẹ̀jayé fún ní èèwọ̀ tí Ifá kà sílẹ̀ fún un. Ifá lè ní kí ọmọ kan má ṣe wẹ̀ nínú odò. Ó lè jẹ́ irú ẹja kan ni ọmọ mìíràn kò gbọ́dọ̀ jẹ. Ó sì lè jẹ́ pé òrìṣà inú omi gan-an ló ń ti ọmọ kan lẹ́yìn. Ní Ìbàdàn, èèwọ̀ odò kì í ni òbí lára, nítorí kò sẹ́ni tó ń mú ọmọ lọ sódò lójoojúmọ́. Àmọ́ bí òkun bá wà lẹ́yìnkùlé, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń sáré lọ ṣeré níbẹ̀ tí wọ́n bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, ọmọ ọdún 6 ni ẹ fẹ́ kó máa pa èèwọ̀ náà mọ́ fúnra rẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, kí ẹ tó di ẹrù, ẹ wá ohun tí Ifá sọ nípa ọmọ kọ̀ọ̀kan rí. Bí ẹ bá ti gbàgbé, ẹ padà sọ́dọ̀ babaláwo tó dá a tàbí àgbà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ náà lọ́nà tí yóò fi yé e.

Ọmọ tí kò ní èèwọ̀ omi pàápàá nílò ẹ̀ṣọ́. Òkun kì í ṣe odò Ògùnpa. Ìgbì tó bá ń padà sẹ́yìn lè fa ẹni tó mọ̀wẹ̀ dáadáa lọ sójú agbami, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọdé. Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Wọn kò sọ pé omi mọ ọmọ tó ń ṣeré.

OLÓKUN KÒ FI DANDAN MÚ ẸNIKẸ́NI WÁ SÉTÍ OMI

Àwọn kan máa ń sọ pé olórìṣà ni àwọn, pé bí àwọn bá sún mọ́ òkun, Olókun yóò túbọ̀ sún mọ́ àwọn. Òótọ́ ni pé Olókun ló ni òkun, ọrọ̀ la sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ilé-Ifẹ̀. Òkun jìnnà sí Ifẹ̀, síbẹ̀ Igbó Olókun wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí àpẹẹrẹ pé àwọn baba wa ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ìlẹ̀kẹ̀ dígí ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn. Ọwọ́ Ifẹ̀ tó ọrọ̀ Olókun láìjẹ́ pé wọ́n kó lọ sétí omi.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń bẹ̀rù pé bí òun bá kó lọ, òun yóò fi òrìṣà ilé òun sílẹ̀ kò ní láti bẹ̀rù. Odò Ògùn ni a mọ Yemọja mọ́ nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú gba orí òkun lọ sí Brazil àti Cuba, wọ́n gbé e dání nínú ọkàn wọn. Omi tí wọ́n bá níbẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ ọ́, òkun ló sì di ojúbọ rẹ̀. Títí di òní, ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdọọdún, ọ̀pọ̀ èrò ń gbé ẹ̀bùn lọ fún un létí òkun Rio Vermelho ní ìlú Salvador. Òrìṣà mọ̀nà. Ọ̀rọ̀ bíbọ òrìṣà kọ́ ló yẹ kó pinnu bóyá ẹ ó lọ tàbí ẹ ó dúró.

ÒKUN Ń JẸ ILẸ̀

Ohun tó yẹ kó wà lọ́kàn yín ni ìwà òkun fúnra rẹ̀. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta wọ inú omi lẹ́nu èbúté Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè máa ráyè wọlé. Yanrìn tí ìgbì ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn wá há sí apá kan. Apá kejì, níbi tí Bar Beach wà, kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da yanrìn síbẹ̀ kí wọ́n tó mọ odi òkúta. Òkun ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Òkun Alfa ní apá Lẹ́kkí náà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìgbì gbá àwọn ènìyàn lọ létí òkun Kúrámọ̀.

Ẹ tún wo Ayétòrò nílẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri nítorí iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń sún sẹ́yìn. Ẹ̀sìn ni wọ́n fi tẹ ìlú náà dó, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọn kì í gbàdúrà. Ẹbọ a máa ṣí ọ̀nà ire, kò ní kí a kọ́ ilé sójú ọ̀nà omi.

OHUN TÍ OJÚ Ń WÒ

Bí Ifá bá fọ ire, kò tíì sọ pé ilé àkọ́kọ́ tí éjẹ́ǹtì bá fi hàn yín ni kí ẹ sanwó rẹ̀. Ẹ lọ wo àdúgbò náà nínú òjò oṣù keje, ẹ tún padà lọ lóṣù kẹjọ. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, kò sí ilẹ̀ tí kò dára lójú. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń yan ẹja pé níbo ni etí omi wà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ délé ọkọ. Ẹ tọ́ omi kànga wò bóyá iyọ̀ ti wọ̀ ọ́. Ẹ wo páànù orí ilé bóyá ó ti dípẹtà. Ẹ bèèrè bí ọ̀nà ilé ìwòsàn ṣe jìn tó lóru.

Ẹ má ṣe kánjú ra ilẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etíkun Èkó sí Calabar lọ́dún 2024, wọ́n wó ilé àti ìsọ̀ tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ yá ilé gbé, ẹ lo ọdún kan kí ẹ fi mọ ibẹ̀.

Kí ẹ sì rántí pé ẹnì kan ti ń gbé ibẹ̀ kí ẹ tó dé. Ní Àgbádárìgì, àwọn Ògù ní Zángbétò tó ń ṣọ́ ìlú lóru. Láàárín Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ Ayélálà ṣeré. Ẹ lọ kí baálẹ̀. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọn kì í lọ sójú omi, ohun tí wọn kì í ṣe níbẹ̀ àti ibi tí àjèjì kì í dé. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

ẸNI TÓ KÙ SÍLÉ

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù rèé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ní Ìbàdàn, bí ìyàwó wẹ́dà yẹn bá ń ránṣọ, ìyá ọkọ wà nílé, àwọn aládùúgbò wà níta, ojú bíi mẹ́wàá ló ń ṣọ́ ọmọ ọdún 2 yẹn. Bí wọ́n bá dé etí òkun, ojú ìyá rẹ̀ nìkan ló kù, ojú ọ̀hún sì wà lórí máṣíìnì. Ibi tí ọmọ ti nílò olùtọ́jú jù ni ẹ ń gbé e lọ yẹn, ibẹ̀ náà sì ni olùtọ́jú ti máa wọ́n jù. Ẹ fi èyí síwájú Ifá gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè: ta ni yóò bá wa wo ọmọ? Bóyá ìyá àgbà lè tẹ̀ lé wọn. Bóyá àbúrò ìyàwó lè wá. Bí kò bá sí ẹnì kankan, ire ajé yẹn ṣì ku ibì kan.

Ọmọ tó ti ń jókòó ti bàbá àgbà ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá náà ń kọ́? Ẹ wádìí bóyá àwọn onísẹ̀ṣe wà nítòsí ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ̀kọ́ ọmọ má bàa dúró sójú kan.

Bí ó bá jẹ́ pé ìmọ̀ràn wa ni wọ́n bèèrè, a ó ní kí baálé kọ́kọ́ lọ. Kí ó gbé ibẹ̀ la ìgbà òjò kan já, kí ìyàwó má tíì ti ṣọ́ọ̀bù Mọ́kọ́lá pa. Lẹ́yìn náà, kí àwọn méjèèjì tún jọ lọ sọ́dọ̀ babaláwo, kí wọ́n dárúkọ àdúgbò tí wọ́n ti rí àti ilé tí wọ́n ti wò. Nígbà náà, Ifá yóò ní ohun tó ṣe pàtó láti fọwọ́ sí tàbí láti kọ̀. Òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Bí ó bá ní kí ẹ lọ, ẹ rú ẹbọ tó bá yàn, ẹ gba ilé tó jìnnà sétí omi, kí ẹ sì di ọwọ́ ọmọ yín mú.

Kí Ẹlẹ́rìí Ìpín bá wa yan ibùjókòó tí ara yóò ti dẹ gbogbo wa. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ o.