Ọ̀yà, Ọmọ Inú Eèsún

Òkété a máa gbẹ́lẹ̀ kó tó sùn. Ọ̀yà kì í sábà dá ara rẹ̀ lágara tó bẹ́ẹ̀. Inú eèsún tó hù dí bèbè odò àti ẹ̀gbẹ́ àbàtà ló fi ṣe ilé, ibẹ̀ náà ló ti ń jẹ, ibẹ̀ ló ti ń bímọ. Láti Senegal títí dé Gúúsù Áfíríkà, ibi tí koríko gíga bá ti pàdé omi, a máa ń bá a níbẹ̀.

Ẹranko tó ki pọ́pọ́ ni. Àgbà rẹ̀ sábà máa ń wọn kìlógíráàmù 4 sí 7, akọ mìíràn sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irun rẹ̀ le, etí rẹ̀ kéré, imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Imú yìí ni àwọn akọ fi ń ti ara wọn bí ìjà bá dé. Eyín iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, ti òkè sì ní ilà mẹ́ta lára. Òun ló fi ń gé eèsún nídìí, tí á sì máa ké e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Òru ló máa ń jẹun, ọ̀nà kan náà ló sì máa ń tọ̀ lábẹ́ koríko. Ọdẹ tó bá rí koríko tí ọ̀yà ti gé àti ìgbẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà náà ti mọ ibi tí yóò dẹ pańpẹ́ sí.

Bó bá fura, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀, á súfèé, á sì forí lé omi, nítorí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa.

A máa ń kà á mọ́ eku, àmọ́ òòrẹ̀ ló bá a tan ju eku lọ. Oṣù 5 ló fi ń lóyún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ewúrẹ́ dọ́gba. Eku ilé kì í lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lọ. Ọmọ eku á wá sáyé níhòòhò, ojú rẹ̀ á dì. Ọmọ ọ̀yà á wá pẹ̀lú irun lára àti ojú tó là. Ibùsùn koríko kò lè pa á mọ́ lọ́wọ́ òjòlá, àfi kó tètè lè sáré.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iná a jó koríko, ọ̀yà á sá sínú irà, ọdẹ á ti dúró dè é pẹ̀lú ajá. Àwọn tó bọ́ á máa ya oko ìrèké, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, inú àgbẹ̀ á sì bàjẹ́. Ẹran rẹ̀ dùn, owó wà lórí rẹ̀ lẹ́bàá títì, bẹ́ẹ̀ ni oyún rẹ̀ pẹ́, ọmọ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará Benin fi bẹ̀rẹ̀ sí í sìn ín nínú ilé láàárín ọdún 1980 sí 1989, tí àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà náà sì ti ń sìn ín. Ẹni tó ń sìn ín kò tíì bọ́ lọ́wọ́ eèsún: ó ní láti máa gé e wá fún un.