Kíkó Erùpẹ̀ Òkè Ilẹ̀ Tó Lóró Kúrò: Ẹ̀kọ́ fún Oko Odígbó àti Òrè

Bí oró bá wọ ilẹ̀, kò ní pẹ́ wọ irè oko. Nígbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ amúnáwá átọ́míìkì Fukushima ní Jàpáánì ní oṣù kẹta ọdún 2011, caesium tó ń tú ìtànṣán olóró jáde bà sórí oko. Èròjà yìí máa ń lẹ̀ mọ́ amọ̀. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò wọlẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 5 lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi bó òkè ilẹ̀ náà bí ẹni bó èèpo iṣu. Nǹkan bí ọdún 30 ni agbára caesium-137 fi ń dín sí ìdajì.

Ní Zamfara, òjé ni oró náà, kì í ṣe ìtànṣán. Ní ọdún 2010, fífọ́ òkúta wúrà nínú agboolé pa ọmọdé tó tó 400, ó kéré tán. Wọ́n kó erùpẹ̀ òkè kúrò, wọ́n rì í mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi erùpẹ̀ mímọ́ rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní àbùkù. Nínú oko kòkó bíi ti Odígbó àti Òrè, erùpẹ̀ òkè ni ọ̀rá ilẹ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ gbòǹgbò wẹ́wẹ́ kòkó ti ń jẹun. Ẹni tó bá kó oró ti kó ọ̀rá pẹ̀lú. Ilẹ̀ àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti kórè rẹ̀ ni ọ̀nà náà bá mu jù, bí ajílẹ̀ àti ibi ìrìmọ́lẹ̀ bá wà. Ó yẹ kí olùkọ́ fi yé akẹ́kọ̀ọ́ pé dídáàbò bo ilẹ̀ dín ìnáwó kù ju wíwẹ̀ ẹ́ mọ́ lọ.